Eruku Tí Wọ́n Rí Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀

Òkúta tó ń ya bí òwú, tí iná kì í jó: ohun ìyanu ni asbestos lójú àwọn tó kọ́kọ́ lò ó. Wọ́n fi hun aṣọ, wọ́n fi wé páìpù tó ń gbóná, wọ́n pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì fi ṣe òrùlé. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ní àwọn ará ìgbà náà kò mọ̀ pé ó ń pani, èmi kì í gbà. Àwọn kan mọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ síta. Etí tó yẹ kó gbọ́ ni kò gbọ́.

Ní 1898, Lucy Deane, obìnrin tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàn láti máa bẹ ilé iṣẹ́ wò, kọ ọ́ sínú ìròyìn pé eruku asbestos ń ba ìlera òṣìṣẹ́ jẹ́. Wọ́n gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, wọ́n rí i pé ó mú ṣóńṣó bí àfọ́kù dígí. Ìròyìn náà wọnú ìwé ìjọba, ó jókòó síbẹ̀.

Lọ́dún kejì, ọkùnrin kan tí èémí ń dà láàmú wá sọ́dọ̀ Dókítà Montague Murray ní London. Ó ní àwọn mẹ́wàá làwọn wà ní yàrá tí wọ́n ti ń ya asbestos bí òwú, òun nìkan ló ṣẹ́ kù. Òun náà kú ní 1900. Murray ro ẹjọ́ yìí fún ìgbìmọ̀ ìjọba ní 1906, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé òun gbọ́ pé wọ́n ti ń dènà eruku náà dáadáa. Gbólóhùn yẹn máa ń dùn mí gan-an.

Asbestos kì í pani lójú ẹsẹ̀, òun ló jẹ́ kí wọ́n lè máa wòran. Èèyàn lè fa eruku rẹ̀ símú, kó tó ọdún 20 tàbí 40 kí àìsàn tó yọjú.

Nellie Kershaw ń ran òwú asbestos ní ìlú Rochdale, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kú ní 1924, lẹ́ni ọdún 33. Dókítà William Cooke bá fọ́nrán náà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó sì pe àìsàn náà ní asbestosis ní 1927. Ilé iṣẹ́ tó sìn kò san owó gbà-máà-bínú, kò tilẹ̀ dá sí ìsìnkú rẹ̀. Sàréè tí kò ní àmì ni wọ́n sin ín sí.

Ìwádìí ìjọba ní 1930 yẹ òṣìṣẹ́ 363 wò. Ẹ̀dọ̀fóró 95 lára wọn ti ń le. Òfin tó tẹ̀ lé e ní 1931 kò kọjá ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe asbestos. Kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi wé páìpù inú ọkọ̀ ojú omi. Ní 1955, Dókítà Richard Doll fi hàn pé asbestos ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ní 1960, ìròyìn wá láti South Africa nípa jẹjẹrẹ mìíràn, mesothelioma, tó mú àwọn tí kò wa kùsà rí, tó jẹ́ pé ìtòsí kùsà asbestos ni wọ́n kàn gbé.

Ọdún 1999 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fòfin de gbogbo oríṣi asbestos, ọdún 101 lẹ́yìn ìròyìn Lucy Deane.