Kí Ló Dé Tí A Fi Ń Fọ Àtọ̀ Akọ Màlúù Kí Ó Tó Pàdé Ẹyin Nínú Láàbù?

Ìbéèrè: Bí akọ màlúù bá gun abo, àtọ̀ rẹ̀ ń sọ ẹyin di ọlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́. Kí ló dé tí a kò lè kàn dà á sórí ẹyin nínú àwo?

Ìdáhùn: Ara abo màlúù fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí àtọ̀ ṣe ń rìn lọ sí ibi tí ẹyin wà, omi tí ó bá a jáde láti ara akọ ń ṣẹ́ kù sẹ́yìn, èyí tí ó ti kú tàbí tí kò lágbára kì í débẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó bá sì dé ti yí padà ní ọ̀nà tí yóò fi lè wọ inú ẹyin. Ọdún 1951 ni C. R. Austin àti M. C. Chang, tí oníkálukú wọn ń ṣe ìwádìí tirẹ̀ lọ́tọ̀, fi hàn pé àtọ̀ ẹranko gbọ́dọ̀ lo àkókò díẹ̀ nínú ara abo kí ìyípadà yìí tó wáyé. Nínú àwo, kò sí ìrìn àjò kankan, ọwọ́ òṣìṣẹ́ láàbù ni gbogbo rẹ̀ kù sí.

Ọ̀rọ̀ dídì tún wà ńbẹ̀. Inú náítírójìn olómi, ní −196 °C, ni a ti ń mú strọ́ọ̀ àtọ̀, ìyẹn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi àtọ̀ dídì pamọ́ sí, jáde, tí a ó sì yọ́ ọ nínú omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Pupa ẹyin adìyẹ tàbí wàrà àti glycerol tí a fi dáàbò bò ó ṣì wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àtọ̀ ti kú nígbà tí ó ń dì. Òkú àtọ̀ kì í sì dákẹ́ síbẹ̀, nítorí ó ń tú èròjà tí ń ba alààyè jẹ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo ni a ṣe ń fọ̀ ọ́?

Ìdáhùn: Ọ̀nà méjì ló gbajúmọ̀. Nínú èkíní, a ó rọra fi àtọ̀ sí ìsàlẹ̀ omi ìtọ́jú nínú túùbù, a ó sì fi í sílẹ̀ nínú ooru fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Èyí tí ó lágbára yóò lúwẹ̀ẹ́ gòkè, òkè náà ni a ó sì ti fà á.

Nínú èkejì, a ó to omi Percoll, tí ó ní èérún sílíkà nínú, ní ìpele méjì: èyí tí ó ki, tí ó jẹ́ 90%, ní ìsàlẹ̀, àti 45% lórí rẹ̀. A ó da àtọ̀ lé e, a ó sì gbé e sínú ẹ̀rọ tí ń fi òòyì yí túùbù. Àtọ̀ tí ara rẹ̀ pé wúwo ju òkú lọ, nítorí náà òun ni yóò rì kọjá dé ìsàlẹ̀. A tún gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí Percoll má baà bá a dé ọ̀dọ̀ ẹyin.

Ìbéèrè: Èwo ló dára jù?

Ìdáhùn: Lójú tèmi, iye àtọ̀ tí ó wà nínú strọ́ọ̀ ló yẹ kí ó pinnu rẹ̀. Èyí tí ó lúwẹ̀ẹ́ gòkè máa ń já fáfá, ṣùgbọ́n kì í pọ̀. Bí ó bá jẹ́ àtọ̀ tí a ti fi ẹ̀rọ yà sọ́tọ̀ kí ọmọ lè jẹ́ abo, strọ́ọ̀ kan lè má ní ju mílíọ̀nù 2 sí 4 lọ. Ẹni tí ó bá ní kí irú èyí lúwẹ̀ẹ́ lè má rí nǹkan gidi fà, Percoll ni kí ó lò. Akọ màlúù pẹ̀lú kò rí bákan náà, ó sì yẹ kí a dán àtọ̀ akọ kọ̀ọ̀kan wò kí a tó gbé ẹyin púpọ̀ fún un.

Ìbéèrè: Lẹ́yìn fífọ̀, ṣé ó ti tó?

Ìdáhùn: Ó ku ìyípadà tí mo mẹ́nu bà lókè. Heparin, èròjà kan tí a ń fi sínú omi tí àtọ̀ àti ẹyin ti ń pàdé, ló ń ran àtọ̀ màlúù lọ́wọ́ láti yí padà. Lẹ́yìn náà ni a ó ka iye rẹ̀, tí a ó sì fi nǹkan bí mílíọ̀nù 1 sínú mílílítà kan pẹ̀lú ẹyin, ní 38.5 °C, fún nǹkan bí wákàtí 18. Kíkà yìí ṣe pàtàkì gan-an, nítorí bí àtọ̀ bá pọ̀ jù, méjì tàbí mẹ́ta lè wọ inú ẹyin kan ṣoṣo, irú ọlẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sì sábà dàgbà.