Kéèyàn wà nílé kó máa wo AC ilé ńlá: kí ni remote monitoring?

Remote monitoring, bí àwa oníṣẹ́ AC ṣe ń pè é, ni pé kéèyàn wà níbì kan kó máa rí bí AC ilé tó wà níbòmíì ṣe ń ṣe sí. Mi ò sọ ti split inú pálọ̀ o, ilé alájà púpọ̀ ni mò ń sọ, irú èyí tó ní chiller lórí òrùlé. Chiller yẹn á mú omi tutù, omi á gba inú páìpù lọ sí àjà kọ̀ọ̀kan, fáànù ńlá á wá fẹ́ atẹ́gùn gba ara páìpù yẹn kọjá sínú ọ́fíìsì yín. Omi ọ̀hún sábà máa ń jáde ní bíi 7°C, á padà wálé ní bíi 12. Àpótí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kọntiróólà ló ń darí gbogbo ẹ̀, sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun tó ń wọn bí omi àti atẹ́gùn ṣe gbóná tó, ló ń jíṣẹ́ fún un, òun náà á wá pàṣẹ fún fáànù àti fáàfù tó ń ṣí ọ̀nà omi tó sì ń tì í. Tí wọ́n bá ti so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tó ń rí ní Victoria Island lèmi náà á máa rí lórí fóònù ní Ìkòròdú. Tí chiller àti fáànù bá tiẹ̀ wá láti ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èdè kan wà tí wọ́n fi ń gbọ́ ara wọn yé, BACnet, ó ti di standard láti 1995.

Ọ̀pọ̀ rò pé adùn ẹ̀ ni kéèyàn fi fóònù tan AC. Rárá o, inú àkọsílẹ̀ ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń rí látìgbà dégbà ladùn ẹ̀ wà, èyí tá a ń pè ní trend. Ká ní wọ́n pè yín pé àjà kẹrin ń gbóná. Tẹ́lẹ̀, ẹ máa kó irinṣẹ́, ẹ máa há sínú gosìló lórí Third Mainland, kẹ́ ẹ tó débẹ̀ ibẹ̀ ti tutù, "ó ti dáa báyìí ọ̀gá", ilẹ̀ ọ̀la mọ́ wọ́n tún pè. Ẹlòmíì á ní gáàsì ló tán, á rọ gáàsì sí i, owó onílé ti lọ nìyẹn, ó máa ń dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ṣí gíráàfù ọjọ́ mẹ́ta, ẹ lè rí i pé gbogbo ìgbà tí NEPA bá mú iná lọ tí jẹnẹrétọ̀ wọlé lomi tó ń jáde lára chiller yẹn ń gbóná lọ sí 14, 15°C. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ chiller tó bá kú ò gbọdọ̀ tan padà lójú ẹsẹ̀, wọ́n ti fi táímà sí i kó má baà bàjẹ́, ó máa dúró bí ìṣẹ́jú mélòó kan, kó tó gbéra iná tún ti ṣẹ́jú, ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Gáàsì ò mọwọ́mẹsẹ̀.

Ẹ má sì gba gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá rí lórí fóònù gbọ́. Tó bá sọ pé fáàfù ṣí 100%, àṣẹ tí kọntiróólà pa nìyẹn, fáàfù lè má gbọ́. Tí omi tutù, tí fáànù ń yí, tí atẹ́gùn tó ń jáde ò tutù, omi ò kọjá níbẹ̀ ni, bóyá fáàfù há tàbí asẹ́ inú páìpù dí.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kọntiróólà tí wọ́n gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìhòòhò, pásíwọọ̀dù tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ ṣì wà lára ẹ̀. Ní November 2016, ní Lappeenranta, Finland, àwọn kan rọ́ ìbéèrè ayélujára bo kọntiróólà tó ń mú ilé méjì gbóná, ó ń kú ó ń jí, kò ráyè ṣiṣẹ́ ẹ̀, àwọn èèyàn sì ń gbénú ilé yẹn nínú òtútù.

Kí VPN, ìyẹn ọ̀nà àdáni tó ní kọ́kọ́rọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wà níwájú ẹ̀, ẹ pààrọ̀ pásíwọọ̀dù. Lọ́jọ́ tí oníṣẹ́ bá fẹ́ gbé e lé yín lọ́wọ́, ẹ ní kó yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì lójú yín kẹ́ ẹ dúró bíi wákàtí kan. Èyí tó dáa á ṣì máa mú ilé tutù, tí íntánẹ́ẹ̀tì bá sì padà dé, á fi àkọsílẹ̀ wákàtí yẹn ránṣẹ́.