Ojú mélòó ló ń wò yín gan-an?

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní yunifásítì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ ìtìjú wá bá mi. Ọmọ tó gba ipò kìíní nílé ìwé ìlú kékeré dé kíláàsì, ó la ẹnu, ó fi "h" síwájú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní in, àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ló ń jókòó, kì í dáhùn ìbéèrè mọ́. Nígbà tó bá máa fi dé ọ̀dọ̀ mi, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Mà, ibí yìí kì í ṣe ibi tèmi."

Kò ní òun ṣi ọ̀rọ̀ pè. Ibẹ̀ ni ẹ̀bi àti ìtìjú ti yàtọ̀: ẹ̀bi ní ohun tí mo ṣe ló kù díẹ̀ káàtó, ìtìjú ní èmi fúnra mi ni. Ẹni tó jẹ̀bi lè tún un ṣe. Ẹni tí ojú ń tì, ibi tó máa sá sí ló ń wá. Bó sì ṣe ń sá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á rò pé ìgbéraga ni, wọ́n á fi í sílẹ̀, òun náà á wá gbà pé àjèjì lòun lóòótọ́.

Lédè wa, ojú ló ń ti ènìyàn. Ojú mélòó? Thomas Gilovich, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cornell, Amẹ́ríkà, tẹ èsì ìwádìí kan jáde lọ́dún 2000. Wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wọ ẹ̀wù tí àwòrán olórin kan tó máa ti ojú tì í wà níwájú rẹ̀, kó wọlé bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó rò pé nǹkan bí ìdajì wọn ló rí i. Bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló rí i.

Mi ò sọ pé wọn ò fi ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín o. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó sì dùn ún wọra. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹni mẹ́ta ló sọ di ojú gbogbo ayé. Mo máa ń wá ọmọ ọdún kẹta tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí, kó jókòó tì í, kó sọ tirẹ̀ fún un.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa òwe "ikú yá ju ẹ̀sín" fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó lè gbà á gbọ́. Ẹ bi í léèrè orúkọ ẹni tó ń jókòó tì í ní kíláàsì. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ní kó lọ béèrè lọ́la.