Kóòdù tí gbogbo ayé lè kà, àti èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà yín

Tí ọ̀rọ̀ Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà tí kóòdù ẹ̀ wà ní gbangba, bá ti délẹ̀ ní Pánsẹ́kẹ̀ l'Abẹ́òkúta, níbi táwọn tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe máa ń jókòó sí, ẹnì kan ò ní ṣàì sọ ọ́: "Gbogbo ayé ló ń rí kóòdù ẹ̀, olè náà ń rí i, báwo ló ṣe fẹ́ ní ààbò?" Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀, ó sì máa ń bí èèyàn nínú torí pé ó jọ òótọ́. Àgádágodo tó dáa tí wọ́n ń tà ní Kútọ̀ ńkọ́? Ẹni tó ṣe é mọ bí inú ẹ̀ ṣe rí, ẹni tó ra irú ẹ̀ lè tú u wò kó sì tò ó padà, síbẹ̀ ìyẹn ò sọ pé tiyín ti ṣí, kọ́kọ́rọ́ tó wà lápò yín ló ń ṣí i. Auguste Kerckhoffs ti kọ ọ́ sílẹ̀ látọdún 1883, nígbà tó ń kọ̀wé nípa báwọn ológun ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pa mọ́, pé ọgbọ́n tí ẹ fi ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lè bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá kí nǹkan kan má ṣe, kọ́kọ́rọ́ nìkan lẹ máa fi pa mọ́. Ààbò tó jẹ́ pé ó máa wó lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí inú ẹ̀, kì í ṣe ààbò.

Àmọ́ àwọn tó ń gbèjà Linux náà ní àṣìṣe tiwọn, èyí gan-an ló sì gbòòrò jù. Wọ́n á ní "gbogbo èèyàn ti ka kóòdù ẹ̀, nǹkan burúkú ò lè sí ńbẹ̀." Ta ló kà á? Àléébù tí wọ́n pè ní Heartbleed, inú OpenSSL, sọ́fítíwíà táwọn ìkànnì fi ń fi ọ̀rọ̀ pa mọ́, ló wà láti 2012, ojú gbangba ni kóòdù yẹn wà, 2014 ni wọ́n tó rí i. Dirty COW, àléébù mìíràn tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2016, láti 2007 ló ti wà nínú kernel, ìyẹn àárín gbùngbùn Linux tó ń darí ẹ̀rọ. Pé èèyàn lè kà á ò sọ pé ẹnì kan kà á. Ká tiẹ̀ ní gbogbo wa kà á tán, láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, ohun tí a kà yẹn kọ́ ló wà nínú kọ̀ǹpútà.

Ibí lọ̀rọ̀ wà. A ò ní dúró sórí ohun tí operating system jẹ́, tàbí bí Linus Torvalds ṣe gbé Linux jáde lọ́dún 1991, ẹni tó bá ní fóònù Android lọ́wọ́ ti ń lo kernel ẹ̀ látàárọ̀. Kóòdù tí èèyàn ń kà, ọ̀rọ̀ ni, bí ìwé. Ẹ̀rọ ò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Compiler ló máa gbà á, á sọ ọ́ di nọ́ńbà tí ẹ̀rọ gbọ́, tójú èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan kà níbẹ̀ mọ́. Tẹ́ẹ bá wá ń lo Debian tàbí Ubuntu, oríṣi Linux méjì tí wọ́n ti dì fún yín, ẹ̀yin kọ́ lẹ ń ṣe ìyẹn nílé, kọ̀ǹpútà kan níbòmíràn ti bá yín sè é, èyí tó ti jinná lẹ dáńlóòdù.

Ẹ wo adìrẹ ẹlẹ́kọ ní Ìtòkú. Ìyá tó ń ṣe é á se ẹ̀kọ láfún, á fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà sórí aṣọ funfun, á sá a kó gbẹ, ó wá kan aró. Á rì í, á yọ ọ́, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, aṣọ tó jáde bí àwọ̀ ewé á máa ṣú lọ sí búlúù lójú yín, á tún rì í, á tún yọ ọ́, bó ṣe ń rì í sí náà ló ń dúdú sí, kó tó wá ha ẹ̀kọ yẹn kúrò, ibi tí ẹ̀kọ wà á mọ́, ibi tí ò sí á dú. Kò sí awo kankan níbẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá tó bá fẹ́ kọ́ ọ á kọ́ ọ. Wàyí o, kí ẹnì kan kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé fún yín, bí ẹ̀kọ ṣe máa ki tó, bí ọnà ṣe máa rí, ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n máa rì í, kó wá fa aṣọ kan tí wọ́n ti ká sínú ọ̀rá lé yín lọ́wọ́ pé aṣọ inú ìwé yẹn rèé. Ẹ ti ka ìwé, ìwé ò ní àbùkù. Àmọ́ bóyá ẹ̀rọ ló tẹ aṣọ yẹn jáde, tí ò dé ìdí ìkòkò aró rí, kí lẹ máa fi mọ̀? Bí gbogbo wa ṣe ń lo open source, sọ́fítíwíà tí kóòdù ẹ̀ wà ní gbangba, nìyẹn, ìwé ni à ń yìn, aṣọ inú ọ̀rá ni à ń wọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣọ́ ọ̀nà tí aṣọ inú ọ̀rá yẹn ń gbà dé ọ̀dọ̀ yín ni ìbuwọ́lù. apt ni irinṣẹ́ tí Debian fi ń gbé sọ́fítíwíà wálé. Tẹ́ẹ bá tẹ apt update, fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ InRelease ló máa kọ́kọ́ wá. Àwọn ará Debian ti fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí wọn buwọ́ lù ú, kọ̀ǹpútà yín sì ní èyí tó ṣe ìkejì kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́wọ́ látọjọ́ tẹ́ẹ ti gbé Debian sí i, òun ló fi ń yẹ ìbuwọ́lù yẹn wò. Inú InRelease ni ìtẹ̀ka àwọn fáìlì tó ń jẹ́ Packages wà, inú Packages ni ìtẹ̀ka sọ́fítíwíà kọ̀ọ̀kan wà, ọ̀kan ń jẹ́rìí èkejì títí dé ìsàlẹ̀. SHA-256 ló ń ṣe ìtẹ̀ka yẹn, lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 ni, fáìlì ì báà tóbi ì báà kéré 64 náà ni, tẹ́ẹ bá sì yí bíńtín padà nínú fáìlì, ìtẹ̀ka ẹ̀ á dàrú pátápátá, kò ní jọ ti tẹ́lẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí apt fi ń gba orí http lásán, ọ̀nà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọn ò fi nǹkan bò, tí kò sí wàhálà: ẹni tó lúgọ sójú ọ̀nà lè rí ohun tẹ́ẹ ń gbé, kò lè pààrọ̀ ẹ̀. Òótọ́ ni pé ní 2019 wọ́n rí àléébù kan nínú apt fúnra ẹ̀ tó lè jẹ́ kí ẹni ojú ọ̀nà rí ọgbọ́n dá, wọ́n sì tún un ṣe, àmọ́ ọgbọ́n tó wà nídìí ẹ̀ ṣì dúró, orí ẹrù ni èdìdì wà, kò sí lórí títì.

Ìbuwọ́lù sọ ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹrù ti wá. Kò sọ ohun tó wà nínú ẹrù. Ọdún 2020 fi èyí han gbogbo ayé: àwọn olè wọ inú kọ̀ǹpútà tí iléeṣẹ́ SolarWinds fi ń kọ́ sọ́fítíwíà wọn tó ń jẹ́ Orion, bí compiler bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ báyìí wọ́n á yọ fáìlì kan wọ́n á fi tiwọn sí i, tó bá parí wọ́n á dá ti àkọ́kọ́ padà. Ẹni tó bá ka kóòdù ò ní rí nǹkan kan. Iléeṣẹ́ yẹn fọwọ́ ara ẹ̀ buwọ́ lu ohun tó jáde, àwọn oníbàárà tó ń lọ sí 18,000 sì dáńlóòdù ẹ̀ pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀, torí ìbuwọ́lù pé.

Ohun tí wọ́n wá ṣe sí irú èyí ló yani lẹ́nu jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, orúkọ ẹ̀ ni reproducible builds, Debian ti ń bá a yí láti 2013. Ẹ gbé kóòdù kan náà fún èèyàn mẹ́ta tí wọn ò mọra, ọ̀kan ní Abẹ́òkúta, ọ̀kan ní Jámánì, ọ̀kan ní Jàpáàn, kí kálukú lọ sè é lórí kọ̀ǹpútà tiẹ̀, ohun tí wọ́n máa gbé jáde gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, nọ́ńbà sí nọ́ńbà, kí ìtẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu. Tólè bá ti wọ inú kọ̀ǹpútà ọ̀kan, tiẹ̀ á yàtọ̀, àṣírí á tú lójú ẹsẹ̀. Kó tó lè rí yín tàn jẹ, ó gbọ́dọ̀ wọ inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó sì ṣe ohun kan náà níbẹ̀.

Adìrẹ ò lè bá wa débí o. Ìyá kan náà, ìkòkò aró kan náà, ọnà kan náà, aṣọ méjì tó bá ṣe láàárọ̀ kan ò lè dọ́gba, ẹ̀kọ á ti gbẹ ju tàná lọ, aró á ti rẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ á ti yà sápá kan, ìyẹn náà ló sì jẹ́ kó níyì. Kọ̀ǹpútà wá ńkọ́, ṣé òun ò yẹ kó máa ṣe ohun kan náà nígbà gbogbo ni? Èèyàn á rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó, wọ́n rí i pé kóòdù kan náà tẹ́ẹ bá sè lẹ́ẹ̀mejì lórí ẹ̀rọ kan náà lè jáde lóríṣi méjì, láìsí olè kankan níbẹ̀. Sọ́fítíwíà á kọ déètì àti aago tí wọ́n sè é sínú ara ẹ̀. Á kọ orúkọ fódà tí wọ́n ti sè é, tó bá jẹ́ /home/bọ́sẹ̀ yàtọ̀ sí /home/túndé, ó ti bàjẹ́. Fáìlì tó wà nínú fódà, bí dísìkì bá ṣe tò wọ́n ló máa gbé wọn, dísìkì yín sì lè tò wọ́n yàtọ̀ sí tèmi. Aago ìlú, èdè tí kọ̀ǹpútà ń sọ, iye nǹkan tó ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ẹ̀ ń fọwọ́ kan ọbẹ̀.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń mú wọn. Fún ti déètì, wọ́n dá nǹkan kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní SOURCE_DATE_EPOCH, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọ déètì pé ẹ má wo aago ara ògiri, ọjọ́ tí wọ́n yí kóòdù yìí padà kẹ́yìn ni kẹ́ẹ kọ. Fáìlì, ẹ tò ó ní a-b-d kẹ́ẹ tó gbé e. Tí méjì bá sì tún yàtọ̀ síra lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, wọ́n ní irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ diffoscope, ó máa ń tú fáìlì bí ẹni ń bó àlùbọ́sà, ìpele lórí ìpele, títí á fi fi ìka lé ibi tí ìyàtọ̀ wà gan-an. Iṣẹ́ tí ò ní ariwo ni, kò sí ẹni tó máa rí i lójú fóònù ẹ̀ kó sọ pé nǹkan tuntun ti dé. Nínú gbogbo ohun tí open source ti ṣe fún ààbò, òun ni mo kà sí gíga jù, torí òun ló sọ "ẹ lè kà á" di "ẹ lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀".

Ìbéèrè kan ṣì ń bẹ níbẹ̀. Compiler náà ńkọ́, ta ló sè é? Compiler mìíràn ni. Ta ló wá sè ìyẹn? Ken Thompson, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Unix, operating system tó ti wà ṣáájú Linux, sílẹ̀, ló gbé èyí kalẹ̀ nígbà tó ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀bùn Turing, ẹ̀bùn ńlá àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n fún un, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1984: compiler tí wọ́n bá ti bàjẹ́ lè máa ki ohun burúkú bọ gbogbo compiler tó bá sè lẹ́yìn, tí kóòdù compiler yẹn á sì mọ́ tónítóní. Bí èbù iṣu ni. Ẹ lè ro ilẹ̀ dáadáa, kẹ́ẹ kọ ebè tó lẹ́wà, tí àrùn bá ti wà lára èbù, iṣu tó máa ta á ní in, èbù tẹ́ẹ bá sì tún gé lára iṣu yẹn á tún gbé e lọ sí oko ọdún tó ń bọ̀. Ohun táwọn ará GNU Guix, oríṣi Linux mìíràn, wá ṣe ni pé wọ́n wá èbù tó kéré débi tí èèyàn á fi lè yẹ gbogbo ara ẹ̀ wò. Lọ́dún 2023 wọ́n gbé e jáde, báìtì 357 ni, kò tó SMS mẹ́ta. Látorí 357 yẹn ni wọ́n ti ń kọ́ irinṣẹ́ kékeré kan, ìyẹn á kọ́ èyí tó jù ú lọ, títí á fi dé orí GCC, compiler ńlá tí wọ́n ń lò, àti gbogbo sọ́fítíwíà tó kù.

Kí ni gbogbo èyí ò lè mú? Bí ìwé fúnra ẹ̀ bá ní èké nínú. Oṣù kẹta 2024 la rí i. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Jia Tan, a ò mọ̀ bóyá orúkọ ẹ̀ nìyẹn, ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ lórí xz láti 2021, iṣẹ́ gidi ló sì ń ṣe. xz jẹ́ irinṣẹ́ tó ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré, Lasse Collin nìkan ló ti ń tọ́jú ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn ò sanwó fún un, ó sì ti sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo èèyàn nígbà táwọn kan ń fúngun mọ́ ọn pé kó wá ẹlòmíràn kún ara ẹ̀. Jia Tan ni wọ́n fà lé lọ́wọ́. Ó kó ohun burúkú pa mọ́ sínú àwọn fáìlì tó jọ èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò, ìlà tó máa jí i dìde kò sì sí nínú kóòdù gbangba, inú ẹrù dídì tí wọ́n máa ń gbé jáde fún 5.6.0 àti 5.6.1 ló fi í sí. Èèyàn mẹ́ta tó bá se ẹrù yẹn, ìtẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á bára mu, ìkà kan náà ló máa wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyẹn ló jẹ́ káwọn kan máa sọ ọ́ báyìí pé kí wọ́n má se ẹrù dídì mọ́, inú git, ibi tí wọ́n ń tọ́jú kóòdù àti gbogbo ìyípadà ẹ̀ sí, tí gbogbo ojú wà, ni kí wọ́n ti máa bu kóòdù, ọ̀rọ̀ wọn sì tọ́.

Andres Freund ló rí i, òṣìṣẹ́ Microsoft ni, ó sì wà lára àwọn tó ń ṣe PostgreSQL, sọ́fítíwíà tó ń tọ́jú dátà. Nǹkan mìíràn ló ń wọ̀n lórí Debian tiẹ̀, ó wá ṣàkíyèsí pé kéèyàn wọlé pẹ̀lú SSH, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọ kọ̀ǹpútà láti ibòmíràn, ń pẹ́ ju tẹ́lẹ̀ lọ, bí ìdajì sẹ́kọ́ǹdù. Ó tọpa ìdajì sẹ́kọ́ǹdù yẹn títí ó fi dé inú xz, ó kéde ẹ̀ lọ́jọ́ 29 oṣù kẹta. Ohun burúkú yẹn ti wọ Debian testing àti unstable, àwọn èyí tí wọ́n ṣì ń dán wò, nígbà yẹn, kò tíì dé Debian stable, èyí tí wọ́n ti parí fún gbogbo èèyàn. Lóṣù kárùn-ún ọdún yẹn Collin gbé 5.6.2 jáde, wọ́n ti yọ nǹkan yẹn kúrò nínú ẹ̀.