Bí iṣẹ́ Concerto for Orchestra ṣe dé ọwọ́ Béla Bartók

Concerto for Orchestra jẹ́ orin alápá márùn-ún tí Béla Bartók, ọmọ ilẹ̀ Họ́ngárì, kọ sílẹ̀ fún ọ̀kẹ́sítírà ní ọdún 1943. Kò dédé kọ ọ́. Serge Koussevitzky, olùdarí Boston Symphony Orchestra ní Amẹ́ríkà, ló gbé iṣẹ́ náà fún un, tó sì san lára owó rẹ̀ sílẹ̀.

Ní 1940 ni Bartók àti ìyàwó rẹ̀, Ditta Pásztory, sá ogun Yúróòpù wá sí New York. Nílé, gbajúmọ̀ ni; ó ti rìn ká abúlé pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ó ń kó orin àwọn àgbẹ̀ jọ. Ní New York, Columbia University fún un níṣẹ́ lórí orin ìbílẹ̀ àwọn ará Serbia àti Croatia, ṣùgbọ́n iṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni. Àwọn tó ń pè é wá tẹ dùùrù ń dín kù, kò sì kọ orin tuntun mọ́. Nígbà tó fi máa di 1943, ó ti rù hangogo, ó sì wà nílé ìwòsàn. Àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe é.

Joseph Szigeti tó ń ta fáólíìnì àti Fritz Reiner tó ń darí ọ̀kẹ́sítírà, ọmọ Họ́ngárì bíi tirẹ̀, mọ̀ pé kò ní gba owó àánú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n bá lọ bẹ Koussevitzky pé kí ó fún un níṣẹ́. Ní 1942 ni ìyàwó Koussevitzky, Natalie, kú, ọkọ rẹ̀ sì dá àjọ kan sílẹ̀ ní ìrántí rẹ̀ tí yóò máa gbé iṣẹ́ fún àwọn olùpilẹ̀ṣẹ̀ orin. Koussevitzky fúnra rẹ̀ lọ bá Bartók lórí bẹ́ẹ̀dì àìsàn. Dọ́là 1,000 ni owó iṣẹ́: ìdajì lójú ẹsẹ̀, ìdajì bí iṣẹ́ bá parí. Bartók kò fẹ́ gbà á, ẹ̀rù ń bà á pé òun lè má lè parí rẹ̀. Koussevitzky dá a lóhùn pé àjọ ti yọ owó náà, kò ṣeé dá padà. Orin ọ̀kẹ́sítírà ni wọ́n ń fẹ́, kí ó sì jẹ́ ìrántí Natalie. Ìyókù di ọwọ́ Bartók. Ọgbọ́n ńlá ni, nítorí ó bo iyì ọkùnrin náà.

Ní Saranac Lake, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ New York níbi tó ti ń gbàtọ́jú, ló ti kọ ọ́, láti 15 Oṣù Kẹjọ sí 8 Oṣù Kẹwàá. Ìlù kékeré kan ló ṣí apá kejì, lẹ́yìn náà ni àwọn ohun èlò afunfun ń jáde ní méjì-méjì: bassoon, oboe, clarinet, fèrè, kàkàkí aládìídẹnu. Àlàfo tó wà láàárín ohùn àwọn méjì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù, etí sì ń gbọ́ ọ kedere.

Wọ́n kọ́kọ́ ṣeré náà ní Boston ní 1 Oṣù Kejìlá 1944, Bartók sì wà níbẹ̀. Kò pẹ́ tó tún ìparí orin náà kọ, tó mú un gùn sí i.

Àjọ Koussevitzky yìí kan náà ló gbé iṣẹ́ eré olórin Peter Grimes fún Benjamin Britten, àti orin ọ̀kẹ́sítírà Turangalîla fún Olivier Messiaen. Iṣẹ́ tún ya bá Bartók: Yehudi Menuhin ní kí ó kọ orin fáólíìnì, ó kọ ọ́ parí. William Primrose ní kí ó kọ ti fíólà, ohun èlò tó jọ fáólíìnì ṣùgbọ́n tó tóbi jù ú lọ díẹ̀. Èyí ló ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó kú ní 26 Oṣù Kẹsàn-án 1945, Tibor Serly ló sì parí rẹ̀ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀.