"Jẹ́ kí wàhálà yìí rọlẹ̀ ná, màá fi sìgá sílẹ̀"

Lóṣù tí bàbá mi wà nílé ìwòsàn ní Kàbà, mo mọ kíóòsì ẹ̀gbẹ́ géètì ju wọ́ọ̀dù tí wọ́n dá wọn dúró sí lọ. Obìnrin tó ń tajà níbẹ̀ fi okùn so láítà mọ́ òpó, kí ẹnikẹ́ni má baà jù ú sápò. Ní aago márùn-ún ìdájí, tí ìrì ṣì ń kán lórí páànù, a ti dúró yí òpó yẹn ká: awakọ̀ tó ń lọ sí Ìsánlú, ọlọ́kadà méjì, èmi. Ẹyọ kan, ẹyọ kan la ń rà. (Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí tábà ní 2015 sọ pé kí wọ́n má ta sìgá lẹ́yọ mọ́, páálí ológún ni kó kéré jù. Bí òfin náà bá tilẹ̀ ti dé Kàbà, kò tíì dé ìdí òpó wa.)

Ẹ̀gbọ́n kan láti Ìyàrà wà níbẹ̀ tó ń tọ́jú ìyàwó wọn. Mo sọ fún wọn pé ó ń wù mí kí n jáwọ́. Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ dàrú. "Àbúrò, irú àsìkò wo nìyí? Jẹ́ kí Bàbá délé ná." Mo gbà. Bàbá délé, ó ku gbèsè ilé ìwòsàn. A san gbèsè, owó iléèwé dé. Owó iléèwé kọjá, owó oṣù ò wọlé. Ọdún méjì gbáko ni mo fi fa sìgá lórí "jẹ́ kí" yẹn.

Níkótínì, èròjà inú sìgá tó ń di bárakú, kì í pẹ́ dé ọpọlọ. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20, ó ti débẹ̀. Kì í sì í pẹ́ lọ: bí wákàtí méjì bá kọjá, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ọpọlọ tó ti mọ́ lára á wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Inú á máa bí ọ láìnídìí, ọwọ́ ò ní gbé ojú kan, ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì sọ jẹ́jẹ́ á dà bí èébú. O ò ní mọ̀ pé sìgá tó o fà ní kùtù ló ń pè ọ́. Àìsàn Bàbá lo máa rò pé ó fà á, torí òun ló wà lójú rẹ. O jáde lọ sídìí òpó, o fa ẹyọ kan, ara rọ̀. O ní, "Sìgá yìí gbà mí."

Sọ́gúndógójì ni. Ẹni tó yá ọ lówó lánàá ló tún ń yá ọ lónìí kó o fi san èlé tiẹ̀, ìwọ sì ń dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àìsàn bàbá mi ò fi ìgbà kankan dín kù nítorí èéfín tí mo fà. Gbèsè sìgá àná nìkan ni mo ń san. Kódà, ní gbogbo ìgbà tá à ń sọ pé ara rọ̀ yẹn, ọkàn ń sáré sí i ni, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sì ń gòkè.

Àwọn olùṣèwádìí kan kó ìwádìí 26 jọ, wọ́n sì gbé e jáde ní 2014 nínú BMJ, ìwé àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fi àwọn tó jáwọ́ wé àwọn tó ń fà á lọ. Àwọn tó jáwọ́ ni àìbalẹ̀ ọkàn, ìrẹ̀wẹ̀sì àti làásìgbò wọn dín kù, títí kan àwọn tó ti ní àìsàn ọpọlọ tẹ́lẹ̀.

Ibo wá ni ìgbàgbọ́ òdì yìí, pé jíjáwọ́ á dá kún wàhálà ẹni, ti rí ẹsẹ̀ dúró? Inú ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni. Mi ò ní tàn yín, wọ́n le. Lẹ́yìn wọn ni ara á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tó bá gbìyànjú ní ọjọ́ Mọ́ńdè, tó padà ní Wẹ́sídeè, ibi tó korò jù nìkan ló tọ́ wò, òun ló sì máa ròyìn fún gbogbo ìlú.

Obì náà wà ńbẹ̀. Èéfín sìgá máa ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tètè ṣiṣẹ́ lórí kaféènì, èròjà tó ń lé oorun lọ, tó wà nínú obì àti kọfí. Bó o bá jáwọ́, tó o sì ń jẹ obì bí ti tẹ́lẹ̀, kaféènì á pẹ́ lára ju bó ṣe yẹ lọ: ọwọ́ á máa gbọ̀n, oorun á dá. Níbi àìsùn òkú kan ní Mọ̀pà, mo jẹ awẹ́ obì mẹ́rin, ara mi ò balẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ wá sìgá kiri. Obì ló yẹ kí n dín kù. Ẹni tó bá ń lo oògùn ikọ́ fée (ásímà) tàbí ti àìsàn ọpọlọ, kó sọ fún dókítà kó tó jáwọ́, torí òmíràn nínú wọn náà ń rí bẹ́ẹ̀.

Bí òkú bá wà nílẹ̀ tí ìsìnkú jẹ́ Fúráídeè, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó bẹ̀rẹ̀ ní Tọ́sídeè. Mú ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ọjọ́ tó ní déètì. "Nígbà tí nǹkan bá dẹ̀" ò ní déètì. Ìdúró náà sì lówó lórí: Richard Doll, dókítà olùṣèwádìí, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1951 fún 50 ọdún, wọ́n rí i pé ẹni tó jáwọ́ lọ́mọ 50 ọdún jèrè nǹkan bí ọdún 6 sí i láyé, ẹni tó dúró di 60 jèrè nǹkan bí 3.

Nígbà tí mo jáwọ́, ìyá mi ló kàn nílé ìwòsàn kan náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, mo yà sí kíóòsì. "Ọ̀kun o," ni obìnrin náà fi kí mi, ó sì ti na láítà sí mi kí n tó lanu. Mo ní ẹ̀pà ni mo wá rà. Ó wò mí.

"Ṣé wọ́n ti ní kí Màmá máa lọ ilé ni?"

Mo ní rárá, wọ́n ṣì wà ní wọ́ọ̀dù. Ó jọ̀wọ́ láítà, ó ń fì lórí okùn rẹ̀, ó sì wọn ẹ̀pà fún mi.