Kóòdù mi ṣiṣẹ́, kí ló dé tí wọ́n fi dá a padà?

Ìbéèrè: Mi ò tíì gboyè nínú ìṣirò. Ṣé mo lè bá wọn ṣe sọ́fítíwìà ìṣirò tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba?

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe é. Ẹ jẹ́ ká mú SymPy, tó ń fi lẹ́tà ṣe ìṣirò bí a ṣe ń ṣe é lórí pépà. Python ni wọ́n fi kọ ọ́, kóòdù rẹ̀ sì wà lórí GitHub, ìkànnì tí wọ́n ń kó kóòdù sí. Ẹ nílò Python tó dán mọ́rán, Git (irinṣẹ́ tó ń tọ́jú àyípadà kóòdù) díẹ̀, àti ìṣirò tó tó ibi tí ẹ fẹ́ fọwọ́ kàn. Ẹ wá àṣìṣe tí wọ́n lẹ àmì "Easy to Fix" mọ́.

Ìbéèrè: Mo ti rí ọ̀kan! sqrt(x**2), ìyẹn gbòǹgbò x lọ́nà x, kọ̀, kò fún mi ní x.

Ìdáhùn: Ẹ má tún un ṣe o, kì í ṣe àṣìṣe. Ẹ fi -3 sí ipò x: -3 lọ́nà -3 jẹ́ 9, sqrt(9) sì jẹ́ 3, kì í ṣe -3. Bí ẹ kò bá sọ irú nọ́ńbà tí x jẹ́, SymPy á gbà pé ó lè jẹ́ complex (nọ́ńbà tó lè ní gbòǹgbò -1 nínú) pàápàá, á sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ Symbol('x', real=True), Abs(x), ìyẹn iye x láìka àmì òdì sí, ló máa jáde; ẹ fi positive=True rọ́pò rẹ̀, x á jáde. Ọ̀pọ̀ ẹni tuntun ló ń kọsẹ̀ níbí. Nítorí náà, kí ẹ tó pe nǹkan ní àṣìṣe, ẹ fi nọ́ńbà gidi dán an wò, kí ẹ sì fi nọ́ńbà òdì náà dán an wò.

Ìbéèrè: Ṣé kí n kọ́kọ́ tọrọ àyè?

Ìdáhùn: Rárá. Ẹ kàn wò ó bóyá ẹnì kan ti ń ṣe é lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Báwo ni iṣẹ́ gan-an ṣe ń lọ?

Ìdáhùn: Ẹ fork rẹ̀ (ẹ ṣe ẹ̀dà tiyín) lórí GitHub, ẹ git clone ẹ̀dà náà sórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ pip install -e . nínú fódà rẹ̀, kí ẹ sì fi git checkout -b ya ẹ̀ka tuntun. Ẹ má ṣiṣẹ́ lórí master, ẹ̀ka gbòógì. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ test (kóòdù kékeré tó ń yẹ èsì wò) kí ẹ tó fọwọ́ kan kóòdù. Test yẹn gbọ́dọ̀ kùnà lónìí, kó sì yege lẹ́yìn àtúnṣe yín. Tó bá ti yege kí ẹ tó tún nǹkan kan ṣe, kò dán ohunkóhun wò nìyẹn. bin/test ló ń sáré àwọn test, bin/doctest sì ń yẹ àpẹẹrẹ inú àlàyé wò.

Ìbéèrè: Tèmi yege lórí kọ̀ǹpútà mi, síbẹ̀ àmì pupa ló yọ lórí pull request mi, ìyẹn ìbéèrè pé kí wọ́n gba àtúnṣe mi wọlé.

Ìdáhùn: Ó lè má jẹ́ ìṣirò yín rárá. SymPy fẹ́ kí orúkọ àti ímeèlì ẹni tuntun wà nínú fáìlì .mailmap; bí kò bá sí níbẹ̀, àyẹ̀wò á kùnà. Róbọ́ọ̀tì kan tún wà tó ń wá release notes (ohun tí wọ́n máa sọ fáwọn aṣàmúlò nípa àyípadà náà) nínú àlàyé pull request yín; bí kò bá sí ohun tó yẹ káwọn aṣàmúlò gbọ́, ẹ kọ NO ENTRY. Èyí tó ń bí àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò nínú jù ni kí èèyàn tún ìlà kan ṣe, kó tún wá to àyè inú ogójì ìlà mìíràn. Ta ló máa rí àtúnṣe gidi nínú ìyẹn?

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí n yí nǹkan padà. Ṣé kí n ṣí pull request tuntun?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti sọ á fọ́n ká. Ẹ̀ka kan náà ni kí ẹ tún un ṣe sí, ẹ commit (ẹ tọ́jú àyípadà náà), ẹ push (ẹ fi ránṣẹ́ sí GitHub). Pull request ti tẹ́lẹ̀ á gbà á fúnra rẹ̀.